Fẹ́ńdà Tí Kò Dípẹtà

Olè wọ abà mi ní Sọ́ńdè, nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò mú ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin. Kò mú ẹ́ńjìnnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, tó ń dán lórí tábìlì. Àpótí sípánà bàbá mi wà níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Fẹ́ńdà kan ṣoṣo ló gbé lọ, páànù tó ń bo táyà iwájú: fẹ́ńdà ọ̀tún píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó tẹ̀ wọnú bí abọ́ páànù tí màlúù fẹsẹ̀ tẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé ọkọ̀ yẹn. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí pé òun náà kò gbàgbé.

Aili Kangas ni mí. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀ ni mo sì fi jó irin ọkọ̀ ojú omi pọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní Pelto Bay níbí, oṣù mẹ́fà ni yìnyín fi ń bo ilẹ̀, wọ́n sì ń da iyọ̀ sójú títì bí ẹni pé ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ ọkọ̀ wa. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ lọ́dọ̀ wa, ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1979, ọkọ̀ kan gbá Elsie Marttila, ọmọbìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, lójú títì etí adágún, ó pa á, ó sì sá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi Toivo nínú ọgbà iléeṣẹ́ tó ń tún ọ̀nà ṣe, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Fẹ́ńdà rẹ̀ ti tẹ̀, irun ọmọ náà sì wà lára rẹ̀. Toivo ní òun kọ́. Ó ní ọkọ̀ náà kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pé òun fi í sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì fẹsẹ̀ gba inú igbó wálé. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un; yìnyín ti mù ún dé orúnkún. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ni mí, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà búra pé ojú òun báyìí ni Toivo ṣe gbé ọkọ̀ náà jáde lágogo méje. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó dé, kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́ títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́. Èmi ni mo wọ́ ọ síta, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìpẹtà rẹ̀ dànù, kí n lè gbé e gba àárín ìlú kọjá lọ́jọ́ kan, kí ojú ó ti gbogbo wọn.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán sí mi lọ́sàn-án Sọ́ńdè náà, obìnrin kúkúrú kan ni, Odile Beaudry. Kò tíì ju ogójì ọdún lọ. Ó ń yọ ẹ̀pà oníyọ̀ jẹ nínú àpò ẹ̀wù òtútù rẹ̀, kò sì jọ ẹni tí ń kánjú.

"Mà, kí lẹ rò pé wọ́n fẹ́ fi fẹ́ńdà tó ti tẹ̀ ṣe?"

"Ìwọ ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Irin lèmi mọ̀."

"Ẹ sọ ti irin fún mi nígbà náà. Báwo ló ṣe wúwo tó?"

"Mo gbé e sórí tábìlì ní Sátidé, mi ò mí hẹlẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ipa méjì wà lórí yìnyín rírọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n jọ lọ láti abà títí dé ojú títì. Èmi náà rí i, mo mọ̀ ọ́n: pákó tí àwọn apẹja fi ń wọ́ ẹrù lórí adágún nígbà òtútù.

"Ẹ rí i," ni Odile wí. "Ẹni tó mú un kò lè gbé e. Ó wọ́ ọ ni. Ta ló mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ lára fẹ́ńdà yẹn?"

"Gbogbo ẹni tó bá létí. Mo sọ ọ́ níbi oúnjẹ àárọ̀ Sátidé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ìpẹtà ti jẹ gbogbo ọkọ̀ náà tán, àfi fẹ́ńdà ọ̀tún, pé mi ò mọ ìdí ẹ̀, àmọ́ pé tó bá di Mọ́ńdè màá ha á dójú irin, màá sì mọ̀."

"Ta ló jókòó tì yín?"

"Curtis Vandermolen tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́. Àǹtí Lempi, ẹ̀gbọ́n Elsie tó kú. Bọ̀dá Harlan Gustad. Àwọn yòókù, etí wọn ti di, pánkéèkì nìkan ni wọ́n gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dúró sílé. Mi ò dúró.

Ilé iṣẹ́ Curtis la kọ́kọ́ dé. Bí ó ti rí mi, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Màmá Kangas! Ẹ tún wá bú mi ni? Mi ò tíì bèèrè ọkọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí o!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fẹ́ ra ọkọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lé e jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi ni mo fi lé e.

"Wọ́n jí fẹ́ńdà ọ̀tún ẹ̀," ni Odile sọ.

"Fẹ́ńdà? Bí mo bá fẹ́ jalè lára ọkọ̀ yẹn, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni màá jí, ìyẹn ló ṣòroó rí. Fẹ́ńdà wà níbẹ̀ yẹn." Ó nàka sí ara ògiri. Lóòótọ́, fẹ́ńdà ọ̀tún irú ọkọ̀ náà gan-an wà níbẹ̀, òun náà aláwọ̀ ewé. "Ta ló máa jí èyí tó ti pa èèyàn?"

"Ẹ bá mi sún jíábọ́ọ̀sì yìí, mo fẹ́ jókòó," ni Odile wí.

Curtis fi ọwọ́ méjèèjì gbé jíábọ́ọ̀sì náà kúrò lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Odile kò jókòó. Ó dúpẹ́, ó jáde.

"O ò tíì bi í níbi tó wà láàárọ̀ yìí," mo pariwo tẹ̀ lé e.

"Ẹ ò rí apá ẹ̀ ni? Ṣé irú apá yẹn ló máa wọ́ fẹ́ńdà nílẹ̀?"

A kọjá sí ọ̀dọ̀ Àǹtí Lempi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, kò sì wúwo ju adìẹ lọ. Kò ní ká wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti dá wa dúró, ó kọjú sí Odile, ó ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni mo jẹ́.

"Mo gbọ́ pé ẹ sọ pé ẹ máa dáná sun ọkọ̀ yẹn, mà."

"Mo sọ ọ́. Mo tún ń sọ ọ́. Kí wọ́n fọ́ ọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí wọ́n pè mí wá wò ó. Àbúrò mi wà nílẹ̀, ẹnì kan ń tún ohun tó pa á ṣe, ó ń fi pẹ́ńtì kùn ún lọ́ṣọ̀ọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́. "Odile, kì í ṣe òun. Iwájú mi gan-an ló jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fìlà rẹ̀ ni mo ń wò láti orin àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn."

Àǹtí Lempi yíjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mi ò nílò kí Kangas kankan jẹ́rìí fún mi."

"Ẹ̀rí náà ti dé ná," mo dá a lóhùn. "Ẹ lè dá a padà."

Odile kó ẹ̀pà sẹ́nu. "Mà, ta ni kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, tó máa ń wá tẹ́lẹ̀?"

"Harlan nìkan. Ikọ́ ń dà á láàmú, wọ́n ní. Mo gbé búrẹ́dì lọ fún un lẹ́yìn ìsìn, kò sí nílé. Á jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló lọ, ẹni ẹlẹ́ni."

A padà sí abà. Odile kò wo ọkọ̀. Ìkólẹ̀ tí mo gbé sí kọ̀rọ̀ ló wò, ó fi ọ̀bẹ mú èérún dúdú kan nínú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ìdọ̀tí. Inú fẹ́ńdà yẹn ni mo ti ha á ní ọ̀sán Sátidé, kí n lè mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀."

Ó ṣáná sí i. Èéfín kékeré rú, òórùn sì bọ́ sí mi nímú, mo sì padà di ọmọdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dà ni, irú èyí tí wọ́n ń yọ́ dà sójú títì.

"Ṣé gbogbo ọkọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀dà kun inú fẹ́ńdà wọn?"

"Rárá." Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo wọ abẹ́ fẹ́ńdà òsì. Ó ti di asẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń yọ lára rẹ̀. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀, kódà bí ẹ̀kán omi kan. Mo bọ́ sí apá ọ̀tún. "Wo ibí. Ibi tí ìdí fẹ́ńdà ti máa ń kan ara kábíìnì awakọ̀ nìyí. Ẹrọ̀fọ̀ oníyọ̀ máa ń dì sáàárín wọn, kò ní gbẹ. Nígbà tí mo tú u, ìka mi wọ ara kábíìnì bí ẹni ki ìka bọ búrẹ́dì tó rẹ sómi. Mo ní láti gé e dànù, kí n jó páànù tuntun mọ́ ọn. Fẹ́ńdà tó fara tì í ńkọ́? Kò ní àpá ìpẹtà kankan."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni ọkọ̀ yẹn fi rìn kí wọ́n tó tì í mọ́ abà. Bí irin méjì bá jọ sùn nínú ẹrọ̀fọ̀ kan náà fún ọdún mẹ́tàlélógún, wọ́n á jọ jẹrà ni. Ìpẹtà kì í ṣe ojúsàájú."

Odile gbójú sókè. "Tí kì í bá ṣe ojúsàájú, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì ò jọ sùn rí."

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Bóòtù rẹ̀ ńkọ́, mà? Báwo ni wọ́n ṣe tú?"

Mo wá ibi jókòó sí. Gbogbo bóòtù ara ọkọ̀ náà, iná ni mo fi yọ́ wọn lára, mẹ́jọ kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ti fẹ́ńdà ọ̀tún nìkan ló tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé iṣẹ́ rọ̀. Èmi tí mo ti ń bá irin jà láti ìgbà èwe, mi ò bi ara mi pé kí ló mú un rọ̀.

"Ẹnì kan ti tú u rí," mo wí.

"Ó tú ti Toivo, ó fi òmíràn sí i. Ta ló ń fi ọ̀dà kun abẹ́ ọkọ̀ ní ìlú yìí nígbà yẹn?"

"Iléeṣẹ́ tó ń tún ọ̀nà ṣe. Lọ́dọọdún, kí òtútù tó dé, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ìlú. Wọ́n ní píkọ́ọ̀pù kan tó jọ ti Toivo bí ìbejì. Ọ̀gá wọn ló ń gùn ún."

"Ta ni ọ̀gá wọn?"

Ẹni tó búra ní kóòtù ni. Ẹni tó ń gbé ẹja yíyan wá fún mi ní gbogbo Kérésìmesì, tó máa ń di ọwọ́ mi mú tó máa ní, "Aili, fara dà á." Bọ̀dá Harlan ni gbogbo ìlú ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Odile jẹ́ kí n sunkún tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohun tí a ní ò tíì tó. Èérún ọ̀dà àti ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Wọ́n sì ti da ọ̀rọ̀ ẹnu yín nù lẹ́ẹ̀kan."

"Wọn ò ní dà á nù lẹ́ẹ̀kejì."

"Ó dáa. Ẹ ní òòlù?"

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ wá bá mi, Dwight Sorley. Ó bọ́ fìlà. Ìyẹn nìkan ti tó kí n mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló gbé wá.

"Àǹtí Aili, Odile ti sọ ti Bọ̀dá Harlan fún mi. Ọkùnrin yẹn ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun ló ṣe títì tí ẹ ń gbà lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ kó kú ní àlàáfíà."

"Toivo náà ì bá fẹ́ irú ikú bẹ́ẹ̀."

"Ó ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan bò ó."

"Dwight, bí o bá kun pẹ́ńtì lé ìpẹtà lórí, ojú lásán ló dára. Abẹ́ ń jẹ lọ ni. Gígé là ń gé e, títí a ó fi kan irin tó mọ́. Yẹra lójú ọ̀nà mi."

Ó yẹra.

Agogo mẹ́wàá la dé ọ̀dọ̀ Harlan. Ó jókòó sí yàrá onígíláàsì tó kọjú sí adágún, aṣọ òtútù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ká bu kọfí. Odile gbé ohun tí a fi àpò wé sórí tábìlì.

"Bọ̀dá Harlan, a rí fẹ́ńdà kan lọ́dọ̀ Curtis. Ẹ̀yin lẹ mọ irú àwọn ọkọ̀ yẹn jù. Ẹ bá wa wò ó."

Kò parọ́. Fẹ́ńdà tó wà lára ògiri Curtis ni. Èmi ni mo fi òòlù lù ú títí ó fi tẹ̀, mo sì gbádùn iṣẹ́ náà.

Harlan wá awò ojú rẹ̀. Ó ṣí àpò. Kò wo ibi tó tẹ̀ rárá. Ó dojú fẹ́ńdà náà dé, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó sì gbé àtàǹpàkò náà síwájú ojú. Ó mọ́. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe rọlẹ̀.

"Èyí kọ́," ló wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Nítorí pé kò sí..." Ó panu dé.

Odile sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. "Mo ti fi han èèyàn mẹ́rin láàárọ̀ yìí. Ibi tó tẹ̀ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wo inú. Kí lẹ ń wá níbẹ̀, sà?"

Ó sún fẹ́ńdà náà sẹ́yìn.

"Ọ̀dà ni," mo wí. "Ọ̀dà lò ń wá, Harlan."

Ó wò mí nítorí pé mo já "Bọ̀dá" sílẹ̀. Láyé mi, n kò pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ rí.

"Aili, ẹ̀gbọ́n ẹ—"

"Má dárúkọ ẹ̀."

"Láti ìgbà tí a ti jókòó," ni Odile wí, "ẹ ti wo ilé tí ẹ ti ń yan ẹja yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ fẹ́ rì í sínú adágún, àmọ́ yìnyín ti ń fọ́, kò lè gbé yín dé ibi tí omi ti jìn. Ṣé kí n lọ gba ìwé àṣẹ, àbí ẹ máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́?"

Ikọ́ mú un, ó pẹ́. Nígbà tó tán, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì.

"Mo ti mutí," ló wí. "Mo rò pé àgbọ̀nrín ni mo gbá. Nígbà tí mo dé ọgbà, mo rí irun lára fẹ́ńdà. Ọkọ̀ Toivo sì dúró níwájú mi, bí ẹni pé ẹnì kan gbé e síbẹ̀ fún mi. Kò gbà mí ju wákàtí kan lọ. Wáyà kan ló já tí kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Mo bá a so ó."

"O bá a so ó."

"Mo ní ọmọ mẹ́ta, Aili."

"Elsie ní ìyá. Toivo ní èmi."

"Mo ń gbé ẹja wá fún ẹ. Lọ́dọọdún. Mi ò fò ọ́ rí."

"Mo sì ń jẹ ẹ́," mo wí. "Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù."

Fẹ́ńdà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn ẹja tó so rọ̀, ọ̀dà dúdú nínú rẹ̀. Odile ní ẹjọ́ náà ti pẹ́, àwọn lọ́yà ni yóò mọ ohun tó kàn fún Harlan. Àmọ́ ìwé kan jáde tó wẹ Toivo mọ́. Dwight fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì.

"Nígbà tí ẹ dá a lẹ́bi, ẹ ò tọ́jú ìyẹn sínú fáìlì," mo sọ fún un. "Gbogbo ìlú lẹ kà á fún. Ẹ lọ ka èyí náà fún wọn."

Ó kà á ní Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín pánkéèkì àti kọfí. Àwọn kan tẹ orí ba. Àwọn kan dìde jáde, wọ́n ní mo fẹ́ fi arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jẹ oúnjẹ mi tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àǹtí Lempi wá sí abà. Ó dúró ti ẹnu ọ̀nà.

"Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ń tutọ́ sí ẹnu géètì yín bí mo bá ń kọjá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ irú ẹ̀."

"Èmi náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ẹ di sáńpépà yìí mú."

Ó ha ilẹ̀kùn ọ̀tún títí ìka rẹ̀ fi bó. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí ooru dé, ọkọ̀ náà parí. Curtis fẹ́ fún mi ní fẹ́ńdà tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní kó gbé e padà sára ògiri. Fẹ́ńdà tí Harlan tú lára ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti bá ọkọ̀ iléeṣẹ́ náà lọ, wọ́n ti fọ́ ọ tipẹ́. Kò sí èyí tó lè rọ́pò rẹ̀. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, kí táyà ó hàn síta, kí ẹni tó bá rí i bèèrè, kí wọ́n sì dá a lóhùn.

Mo gbé e gba àárín ìlú lọ́sàn-án gangan, Àǹtí Lempi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ò tíì dé ilé ìfìwéránṣẹ́ tí Dwight fi dá wa dúró. Ó yọ ìwé ìtanràn, ojú ń tì í.

"Àǹtí Aili, òfin ò gbà kí ọkọ̀ rìn lójú títì láìní fẹ́ńdà. Mo máa ní láti kọ ọ́."

"Kọ ọ́."

"Orúkọ?"

"O mọ orúkọ mi."

"Mo gbọ́dọ̀ bèèrè, mà."

Kí n tó lanu, Àǹtí Lempi ti na orí kọjá àyà mi sójú fèrèsé.

"Kangas," ló wí, ohùn rẹ̀ dé òdìkejì títì. "Fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, kó má baà sẹ́ni tó máa ṣì í kà."